Búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹ̀bùn: bí ẹ ṣe máa yàn án tí kò fi ní rì, tí kò sì ní bu

Ìbéèrè mẹ́ta kan náà ló máa ń wọlé tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Kí ló dé tí búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi rì láàárín? Ṣé mo lè yàn án láìní oven? Kí ló mú kí ó bu kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ fún? Ẹ máa rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbí. Mi ò ní pìtàn búrẹ́dì fún ẹnikẹ́ni.

Orúkọ rẹ̀ ni búrẹ́dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí yíìsì nínú rẹ̀, a kì í sì í pò ó títí apá á fi máa roni. Ẹni tí kò yan nǹkan kan rí láyé lè ṣe é. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni ìkánjú. Búrẹ́dì tí a fẹ́ fi tọrẹ kì í ṣe ohun tí à ń yàn láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e lọ. Èyí tí a yàn lánàá ló ń dùn jù, òun ló ṣe é gé láìfọ́, òun náà ló sì ṣe é dì. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn

Ká ní ọjọ́ Àìkú lẹ fẹ́ gbé e lọ kí ìyá ìkókó, tàbí kí ẹ fi kí àwọn àna yín. Ètò náà á lọ báyìí:

- Ọjọ́rú: ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. Ẹ má kó o sínú fìríìjì.
- Ọjọ́ Ẹtì: ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Tí kò bá tíì ní àmì dúdú kankan, ẹ ka ọ̀nà àbùjá tó wà nísàlẹ̀.
- Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán: ẹ yàn án. Pẹ̀lú fífọ abọ́, ó máa gbà tó wákàtí méjì.
- Alẹ́ Àbámẹ́ta: ó ti tutù pátápátá, ẹ fi bébà wé e kí ẹ tó sùn.
- Àárọ̀ Àìkú: ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ.

Mo ní ọ̀sán, mi ò ní alẹ́, torí ẹni tó ń lo oven oníná mànàmáná mọ ohun tí iná lè fojú ẹni rí. Tí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án, ẹ ṣì ní àkókò láti gbé e sórí gáàsì. Tó bá jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ ni, ó tán.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo la fẹ́?

Ibí ni adùn búrẹ́dì yìí wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ la ń lò, kì í ṣe àgbagbà. Bó ṣe ń pọ́n, sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, ara rẹ̀ ń rọ̀, òórùn rẹ̀ sì ń jáde. Èyí tó mọ́ roro tó wu èèyàn lójú lórí igbá kò tíì tó. Èyí tí àwọn ọmọ ilé máa wò tí wọ́n á ní àwọn ò jẹ mọ́ la fẹ́. Ẹ dé ọ̀dọ̀ oníọ̀gẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ní kó fún yín ní èyí tó ti ń dúdú lára. Inú rẹ̀ á dùn láti tà á fún yín ní ẹ̀dínwó, torí ó mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀la kò ní bá a.

Ó dára láti lò tí:

- èèpo rẹ̀ bá ní àmì dúdú tóótòòtó, tàbí tí ó ti dúdú ju ìdajì lọ
- ara rẹ̀ bá rọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́
- inú rẹ̀ bá ṣì funfun, tàbí tó kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbì kan

Ẹ dà á nù tí:

- omi bá ń jò lára rẹ̀
- ó bá ń rùn bí ọtí
- ó bá ti bu níbi ìdí tí wọ́n ti gé e

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá àgbagbà tó ti pọ́n jù kò lè ṣe é. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n sítáàṣì rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ, búrẹ́dì náà á wúwo, kò sì ní dùn tó. Ẹ fi àgbagbà yẹn dín dòdò. Àwọn ará Ìkirè kò fi tiwọn ṣòfò.

*Ọ̀nà àbùjá tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bá tíì pọ́n tó*

Tí ẹ bá ṣì ní ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ kó o sínú àpò bébà pẹ̀lú tòmátì pípọ́n tàbí ápù kan, ẹ ká ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí èso pípọ́n ń tú jáde á mú un yára. Àpò bébà ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀rá. Inú ọ̀rá á mú omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Tí kò bá sí àkókò rárá, ẹ to ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ sínú oven ní 150°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí èèpo rẹ̀ á fi dúdú. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó bó o. Ó máa rọ̀, ó sì máa dùn díẹ̀ sí i, àmọ́ kò lè dà bí èyí tó fúnra rẹ̀ pọ́n. Ẹ fi ṣíbí ṣúgà méjì kún un.

Tí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti pọ́n tí ọjọ́ ẹ̀bùn ṣì jìnnà, ẹ bó o, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ jù ú sínú fìrísà. Ẹ rí i pé ẹ bó o kó tó wọ ibẹ̀, torí ìyà ni bíbó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti di yìnyín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kó yọ́, kí ẹ sì da omi tó jáde lára rẹ̀ mọ́ ọn. Adùn wà nínú omi yẹn.

Ohun èlò fún búrẹ́dì kan

Páànù búrẹ́dì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 23, tó fẹ̀ ní 13, ni ìwọ̀n yìí wà fún. Kọ́ọ̀bù tó gba nǹkan bíi mílílítà 250 ni mo fi wọ̀n ọ́n.

- ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a ti tẹ̀, kọ́ọ̀bù kan àtààbọ̀ (ńlá 3, tàbí kéékèèké 5 sí 6)
- fúláwà, kọ́ọ̀bù 2 (gíráàmù 250)
- ṣúgà, kọ́ọ̀bù kan ó dín díẹ̀ (gíráàmù 150)
- bọ́tà, gíráàmù 115, tàbí òróró tí kò ní òórùn, ìdajì kọ́ọ̀bù
- ẹyin 2
- baking powder, ṣíbí ìmutíì 2
- baking soda, ìdajì ṣíbí ìmutíì
- iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì
- nọ́tímẹ̀gì tí a rin, ìdajì ṣíbí ìmutíì
- fánílà, ṣíbí ìmutíì 1 (tí ẹ bá ní in)
- dàbínò tí a gé wẹ́wẹ́, èso àjàrà gbígbẹ, ẹ̀pà sísun tàbí kajú, ìdajì kọ́ọ̀bù (tí ẹ bá fẹ́)

Ẹ fi kọ́ọ̀bù wọn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iye. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta ti ọjà Bódìjà lè má tó ìdajì mẹ́ta tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ju ìwọ̀n lọ wà lára ohun tó ń mú kí àárín búrẹ́dì máa tutù rinrin bíi pé kò jinná.

Fúláwà náà ní bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má ki kọ́ọ̀bù bọ inú àpò fúláwà kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ṣíbí bù ú sínú kọ́ọ̀bù, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Fúláwà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, búrẹ́dì á sì gbẹ.

*Ẹ kọ́kọ́ dán baking powder yín wò*

Èyí tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti Kérésì èṣí lè ti kú. Ẹ da ṣíbí ìmutíì kan sínú omi gbígbóná díẹ̀. Tó bá hó gidi, ó ṣì wà láàyè. Tó bá kàn rọra yọ ìfófó díẹ̀, ẹ ra òmíràn. Ti baking soda, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, kí ẹ wò ó bóyá ó hó.

Tí ẹ bá ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì: ẹ lo baking powder nìkan, ṣíbí ìmutíì méjì àtààbọ̀, tàbí baking soda nìkan, ṣíbí ìmutíì kan tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Soda tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí búrẹ́dì ní adùn ọṣẹ lẹ́nu. Káún ńkọ́? Rárá o. Ó le jù, kò sì rọrùn láti mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ yíyàn

1. Ẹ tan oven sí 180°C, tó jẹ́ 350°F tàbí gas mark 4. Tó bá jẹ́ oven tó ní fáànù, 160°C ti tó. Ti gáàsì tí kò ní nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ wà láàárín kékeré sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kó sì gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí búrẹ́dì tó wọlé.

2. Ẹ fi bọ́tà pa inú páànù. Ẹ tẹ́ bébà àwọn alákéèkì sí i, kí etí rẹ̀ yọ jáde lápá méjèèjì, torí etí yẹn lẹ máa dì mú láti gbé búrẹ́dì jáde. Tí kò bá sí bébà yìí, ẹ wọ́n fúláwà lé bọ́tà náà, kí ẹ gbọn èyí tó ṣẹ́kù dànù. Bébà ìwé ìròyìn kò ṣe é lò, yíǹkì rẹ̀ á wọ inú oúnjẹ.

3. Ẹ fi ajọ̀ ku fúláwà, baking powder, baking soda, iyọ̀ àti nọ́tímẹ̀gì sínú abọ́ kan. Ẹ rò wọ́n pọ̀.

4. Nínú abọ́ mìíràn, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí kókó díẹ̀ bá kù nínú rẹ̀, kò burú. Ẹ má lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà, á di omi jù.

5. Ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bọ́tà gbígbóná máa se ẹyin yín. Ẹ da ṣúgà sí i, ẹ rò ó. Ẹ fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lù ú, lẹ́yìn náà fánílà, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ tẹ̀.

6. Ẹ da fúláwà náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ṣíbí onígi rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Gbàrà tí ẹ ò bá ti rí fúláwà funfun mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ó máa ki bí ẹ̀wà lílọ̀ fún àkàrà, ó sì máa ní kókó díẹ̀. Ẹ fi kókó rẹ̀ sílẹ̀.

7. Tí ẹ bá fẹ́ fi dàbínò, èso àjàrà tàbí ẹ̀pà sí i, ẹ kọ́kọ́ fi ṣíbí fúláwà kan yí i lára kí gbogbo rẹ̀ má bàa rì sídìí. Ẹ rò ó mọ́ ọn ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin péré.

8. Ẹ dà á sínú páànù, kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á sínú agolo kékeré kan, ìyẹn ni tọ́wò ti ará ilé. Ẹ fi ìdí páànù kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

9. Ẹ gbé e sí àárín oven lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí omi ti kan baking powder ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má dá a dúró lórí tábìlì nítorí ìpè fóònù. Ó máa lo ìṣẹ́jú 55 sí 65.

10. Ẹ má ṣí oven kó tó pé ìṣẹ́jú 40. Lẹ́yìn náà, tí orí rẹ̀ bá ti ń pọ́n jù, ẹ fi bébà fọ́ìlì bò ó lérèfé, láìdì í mọ́ ọn lára.

11. Ẹ fi ìtayín gígùn tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun tó mọ́ gún àárín rẹ̀. Tí ó bá jáde gbígbẹ, tàbí pẹ̀lú èérún díẹ̀, ó ti jinná. Tí ìyẹ̀fun tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún wò ó. Ẹ gún un níbi méjì, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò fọ́ dáadáa lè tan yín jẹ.

12. Ẹ fi sílẹ̀ nínú páànù fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ wá di etí bébà mú, ẹ gbé e sórí àwọ̀n irin kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Tí ẹ bá gbé e sórí àwo lásán, ìdí rẹ̀ á mú omi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì: tó bá jẹ́ self-raising flour lẹ rà, baking powder ti wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ baking powder kúrò nínú ohun èlò, kí ẹ fi ìdajì ṣíbí baking soda sílẹ̀. Páànù tí wọ́n ń pè ní 2lb loaf tin níbẹ̀ bá ìwọ̀n yìí mu.

Tí kò bá sí oven

Ìkòkò á ṣe é. Orí rẹ̀ kò ní pọ́n bíi ti oven, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á jinná, á sì rọ̀.

Ohun tí ẹ nílò:

- ìkòkò irin tó nípọn, tó ní ọmọrí tó bò ó dáadáa
- yanrìn tó mọ́ tó sì gbẹ, tàbí iyọ̀ tí ẹ ò ní fi se ọbẹ̀ mọ́
- nǹkan tí páànù máa jókòó lé: òkúta mẹ́ta tó dọ́gba, tàbí àgbékalẹ̀ irin
- páànù tó kéré ju ìkòkò lọ, kó ku àyè ìka méjì yí i ká

Bí a ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ da yanrìn sí ìdí ìkòkò, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ to òkúta lé e.
2. Ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 15.
3. Ẹ gbé páànù sí i pẹ̀lú aṣọ ìdìkòkò, ẹ dé e padà, ẹ wá dín iná kù dé kékeré.
4. Ẹ má ṣí i kó tó pé ìṣẹ́jú 50. Ó lè gba wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20, bí iná yín bá ṣe rí.
5. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ yẹ ọmọrí díẹ̀ kí ooru jáde, kí omi má bàa máa kán sórí búrẹ́dì.

Tó bá jẹ́ èédú lẹ ń lò, ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ọmọrí irin náà, orí búrẹ́dì á pọ́n dáadáa. Àwa kan fẹ́ràn rẹ̀ ju ti oven lọ, torí òórùn èéfín díẹ̀ tó máa ń wà lára rẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta tí mi ò ní fi ṣeré. Ìta gbangba tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé dáadáa ni kí ẹ ti lo èédú; nínú yàrá tí a tilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani, kì í sì í rùn kí èèyàn tó mọ̀. Ẹ má lo ìkòkò tí kì í lẹ̀, irú èyí tó ní ohun dúdú tí wọ́n fi kùn ún nínú, torí kò yẹ kó máa gbóná lófìfo. Kí yanrìn gbẹ dáadáa, kí òkúta sì jẹ́ èyí tí kò tíì wà nínú omi, torí òkúta tó mu omi lè bú lórí iná.

Kí ló ṣe búrẹ́dì mi?

*Ó rì láàárín.* Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni ṣíṣí oven kó tó jinná. Afẹ́fẹ́ tútù wọlé nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì le. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ yọ ọ́ kó tó jinná, tàbí pé baking powder pọ̀ jù: ó wú yọ̀ọ̀, kò sì sí ohun tó máa gbé e dúró.

*Ó le, ó sì ní ihò gígùn nínú.* Ẹ rò ó jù. Bí a bá ṣe ń ro fúláwà tó ti tutù tó ni ara rẹ̀ ń fà tó. Èyí dáa fún búrẹ́dì oníyíìsì, kò dáa fún tiwa. Ẹ̀rọ ìrokéèkì kò pọn dandan, ọwọ́ ló dáa jù.

*Ìta ti jó, inú ṣì tutù.* Iná ti pọ̀ jù, tàbí páànù wà nítòsí iná jù. Ẹ dín iná kù, kí ẹ sì fi àkókò kún un. Páànù dúdú tún máa ń gba ooru ju páànù tó ń dán lọ.

*Ó lẹ̀ mọ́ páànù.* Ẹ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ́ jù lẹ́yìn tó jinná, tàbí kò sí bébà. Ẹ fi ọ̀bẹ tín-ín-rín yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká.

*Orí rẹ̀ là.* Kò sí ohun tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí.

*Ó bu lọ́jọ́ kejì.* Gbígbóná lẹ dì í. Ooru inú rẹ̀ di omi nínú ọ̀rá, èbu sì fẹ́ràn ibẹ̀. Nígbà òjò, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ nǹkan

Òróró dípò bọ́tà: búrẹ́dì á rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ní ní òórùn bọ́tà. Fún ẹ̀bùn tó máa rìn jìnnà, òróró ni mo máa ń yàn.

Ọ̀pẹ̀yìnbó tàbí máńgòrò dípò ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fún omi rẹ̀ kúrò díẹ̀, torí omi wọn pọ̀. Ẹ fi àgbọn tí a rin tí a sì yan gbẹ kún un, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, láti gba omi tó kù. Àgbọn àti ọ̀pẹ̀yìnbó bára wọn mu gan-an.

Atalẹ̀ tí a rin dípò nọ́tímẹ̀gì: ó dùn, àmọ́ ẹ mú un ní kékeré bí ọmọdé bá wà nílé tí ẹ ń gbé e lọ.

Oyin dípò ṣúgà: ẹ lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ṣúgà, kí ẹ sì dín iná kù sí 165°C, torí oyin ń yára pọ́n. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jẹ oyin rárá, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ sọ fún ìyá ọmọ.

Ṣúgà díẹ̀: ẹ lè dín in kù dé gíráàmù 100 tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kí ẹ wá máa sọ pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ṣúgà wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, fúláwà náà ń di ṣúgà nínú ara.

Tí ẹ bá fẹ́ yan púpọ̀ fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ má po ti mẹ́fà pọ̀ nínú abọ́ kan. Èyí tó bá ń dúró de oven ń pàdánù agbára rẹ̀. Ẹ wọn ohun gbígbẹ tọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ṣáájú, kí ẹ máa po méjì-méjì bí àyè bá ṣe ń ṣí sílẹ̀. Tí páànù méjì bá wà nínú oven pọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 kún un. Ti páànù kéékèèké bíi ti kọ́ọ̀bù kéèkì, ìṣẹ́jú 18 sí 22 ti tó.

Dídì àti gbígbé lọ

Ẹ gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá ṣì gbọ́ ooru rárá, kò tíì yá.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi bébà àwọn alákéèkì wé e. Ọ̀rá lè wá lórí rẹ̀ tó bá máa rìn jìnnà.
2. Ẹ fi àjákù àǹkárá tó mọ́, tó tó sẹ̀ǹtímítà 50 lọ́tùn-ún lósì, dì í, kí ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè. Lójú tèmi, ó lẹ́wà ju bébà dídán tí wọ́n ń tà lọ, ẹni tó gbà á á sì rí aṣọ náà lò.
3. Ẹ kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọn.

Ẹ má ro pé ìwé pélébé yẹn jẹ́ àṣejù. Ẹ̀pà lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá ńlá, mílíìkì àti ẹyin náà kò bá gbogbo ara mu. Irú ohun tí ẹ lè kọ nìyí:

> Búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àbámẹ́ta ni a yàn án. Fúláwà, ẹyin, bọ́tà, dàbínò àti ẹ̀pà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá.

Tí ẹ bá ń gbé e fún Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kì í mu ọtí, ẹ ka ara ìgò fánílà yín dáadáa, ọtí wà nínú àwọn kan. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò, nọ́tímẹ̀gì nìkan ti tó.

Páànù fọ́ìlì tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ló dáa jù fún ẹni tí ẹ ò ní tètè rí mọ́. Ẹ yàn án nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kò sí pé ẹ ń béèrè páànù padà lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ gbé e sórí páànù kéèkì títẹ́jú nígbà tí ẹ bá ń kì í bọ oven, torí fọ́ìlì ń tẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ yín, ẹ má kó o sínú búùtù lọ́sàn-án gangan. Ooru ibẹ̀ á mú kí bọ́tà yọ lára rẹ̀.

Tí ẹ bá fà á lé wọn lọ́wọ́, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló lè lò níta níbi tí oòrùn kò dé, ọ̀sẹ̀ kan nínú fìríìjì, oṣù méjì nínú fìrísà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gé e. Èyí tó bá ti ń gbẹ, kí wọ́n fi bọ́tà díẹ̀ pa á, kí wọ́n yan án nínú páànù ìdíńyin, ìṣẹ́jú méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi tíì gbígbóná sìn ín.